Ẹni Tó Ń Rìn Kẹ́yìn Nínú Ihò Alájà Méjìlá

Ìtàn tèmi yìí kò já lu ìjàpá, kò sì já lu ẹkùn. Orí ọmọ ọmọ mi obìnrin ló já lé, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Abẹ́rẹ́. Inú ń bí mi bí mo ti ń sọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni a ti ń fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìfarabalẹ̀ náà ló sì bà á jẹ́.

Abẹ́rẹ́ kọ́ ni orúkọ tí a sọ ọ́. Ó rí tín-ín-rín ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀, ibi tó ń dunni gan-an ló máa ń gún. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ iléèwé àti aṣọ òṣìṣẹ́ ló ń bá ṣiṣẹ́. Yàrá gígùn kan ni, ọgbọ̀n ẹ̀rọ ìránṣọ ló tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀. Ẹni kan á so èjìká, á tì í sí ẹni tó ń so apá, ìyẹn á tì í sí ẹni tó ń rán ọrùn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí aṣọ á fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gán bọ́tìnì. Ìdí ọrùn ni Abẹ́rẹ́ wà. Ibẹ̀ ló le jù, torí bí ọrùn bá ti wọ́, aṣọ ti wọ́ nìyẹn. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti lo ogún ọdún. Bọ́tìnì ni ìyẹn ń gán.

Mo bi í léèrè nígbà kan, mo ní, "Ṣé ẹ kì í mọ àgbà níbẹ̀ ni? Ọmọ àná ń rán ọrùn, ìyá àgbàlagbà ń gán bọ́tìnì?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ ibẹ̀ ló ń jókòó síbẹ̀. Ọrùn aṣọ kì í béèrè ọjọ́ orí."

Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ ti ń gùn jù.

Èmi ni mo tọ́ ọ, òun àti àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Ìyá wọn kú nígbà tí àbíkẹ́yìn ń fi ìdí wọ́lẹ̀. Bàbá wọn, ọmọ bíbí inú mi, fíríìjì ló ń tún ṣe. Ó máa ń jáde kí ojú tó mọ́, á sì wọlé pẹ̀lú òórùn gáàsì lára. Yàrá méjì, balùwẹ̀ kan, ọ̀nà ìjáde kan tóóró tí ènìyàn méjì kò lè gbà pọ̀. Láràárọ̀, ìjà ni. Ta ni yóò kọ́kọ́ wẹ̀? Ta ni yóò kọ́kọ́ wọ bàtà? Nígbà tó sú mi, mo ṣe òfin kan, gbólóhùn kan péré ni: àgbà ló ń ṣíwájú. Ilé tòrò. Mo fi òfin náà yangàn fún gbogbo ará ọgbà. Ẹ ò rí i, ohun tí ènìyàn bá fi yangàn, kó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kan bàbá wọn gbé kọ̀ǹpútà kan wálé, èyí tí ilé iṣẹ́ kan fẹ́ dà nù. Ó tú u, ó tò ó, ó jí. Ó wá fi géèmù kan sínú rẹ̀, ó ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni àwọn á máa gbá a, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé géèmù náà fún mi nìyí. Ihò kan wà lábẹ́ ilẹ̀, àjà méjìlá ló ní, ó ń lọ sísàlẹ̀ ni. Ènìyàn mẹ́rin ló lè jọ wọ̀ ọ́. Kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yan iṣẹ́ tí yóò máa ṣe níbẹ̀. Jagunjagun ń wọ irin, ó ń gbé apata. Oṣó ń ju iná láti òkèèrè. Olè ń ṣí ìlẹ̀kùn tó tì, ó sì ń rí pàkúté kí ẹsẹ̀ tó kàn án. Oníwòsàn ló ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sára ẹni tó bá fara gbọgbẹ́. Lẹ́nu ihò náà, ilé èrò kan wà tí wọ́n ti ń sinmi. Ẹni tó bá sì kú nísàlẹ̀, ó kú náà nìyẹn; wọ́n á gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta nínú ọgbà ilé èrò, kò sí à ń jí i.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan iṣẹ́, èmi ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n tẹ̀ lé òfin ilé. Bàbá ló kọ́kọ́ yan, ó mú jagunjagun. Àkọ́bí ló tẹ̀ lé e, èyí tó ń to táìlì báyìí, tí a ń pè ní Onítáìlì; ó mú oṣó. Ó wá kan Abẹ́rẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Olè."

Mo sọ aṣọ nù. "Kí lo wí?"

"Olè ni mo fẹ́ ṣe, Ìyá àgbà."

"Nínú ilé mi? Ọmọbìnrin? O fẹ́ jalè?"

Bàbá wọn ní, "Màámi, olè tiwa ni."

"Kò sí olè tiwa! Ẹ fún àbúrò rẹ̀, ọkùnrin nìyẹn, kó máa bá a ṣeré. Ìwọ, mú ìtọ́jú aláìsàn yẹn. Ìyẹn ló yẹ ọ́."

Wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló gba olè. Òun ló di onígbàjámọ̀ lónìí, orí àwọn ènìyàn ló ń fá. Abẹ́rẹ́ kò jiyàn. Ó mú oníwòsàn, ó wọ aṣọ funfun fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ padà. Ẹ gbọ́ mi o: òfin tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, èmi náà ni mo fẹsẹ̀ ara mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, torí pé ó jẹ́ obìnrin. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀.

Fún ọdún mẹ́sàn-án, bí àwọn ọkùnrin bá ṣẹ́gun, wọ́n á máa lu àyà. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á yíjú sí i: "Abẹ́rẹ́, o sùn ni?" "Àǹtí, ẹ ò rí ẹ̀jẹ̀ mi ni?" Oṣó kú nígbà mẹ́rin, wọ́n dá òmíràn. Olè kú nígbà méje. Àwọn méjì péré ni kò kú rí: jagunjagun bàbá wọn àti oníwòsàn Abẹ́rẹ́. Ènìyàn tó bá mọ ìṣirò á mọ ẹni tó ń gbé ikọ̀ náà ró.

Bàbá wọn wọ ẹ̀wù pupa fún jagunjagun tirẹ̀. Géèmù náà sì gba ènìyàn láyè láti kọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹni rẹ̀ á máa sọ bí wọ́n bá bá a pàdé ní ilé èrò. Àwọn mìíràn á kọ ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀. Ohun tí ọmọ mi kọ ni, "Ta ló ti jẹun? Ta ni kò tíì jẹun?" Nítorí ohun tó máa ń bi wọ́n nìyẹn bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà.

Wọ́n dé òpin àjà kọkànlá. Ọjọ́ yẹn, Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n dúró. Ó ní kí wọ́n wẹ̀yìn wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Ipasẹ̀ wọn wà nínú eruku. Ipasẹ̀ ńlá kan sì wà lórí ipasẹ̀ wọn.

Èmi tí mo jókòó tí mo ń ṣa ìrẹsì, orí mi wú. Ìtàn tí wọ́n pa fún wa lábẹ́ òṣùpá kò ní ibi tó burú tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan ń tẹ̀ lé wọn.

Ọmọ mi kó gbogbo wọn padà sókè. Ó ní, "A ó tún ikọ̀ yìí tò. Abẹ́rẹ́, ronú sí i." Abẹ́rẹ́ ra ìwé kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí wọ́n ṣe máa tò ó sínú rẹ̀.

Lóṣù kejì lẹ́yìn náà, ọkàn ọmọ mi dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé oníbàárà kan, pẹ̀lú irinṣẹ́ lọ́wọ́. N kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún ọdún méjì, kò sẹ́ni tó gbá géèmù náà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Abẹ́rẹ́ máa ń tan kọ̀ǹpútà bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Kì í wọ ihò. Ilé èrò ló máa ń lọ, á dúró níwájú ẹlẹ́wù pupa yẹn, á ka ohun tó wí sókè kí èmi tí n kò mọ ìwé lè gbọ́: "Ta ló ti jẹun? Ta ni kò tíì jẹun?" Lẹ́yìn náà, á pa á, á lọ sí ilé ìdáná.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan báyìí ni Onítáìlì wọlé, símẹ́ǹtì ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti ń pariwo bí ẹni tó ní ikọ́ fée, ìlà ti ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká parí iṣẹ́ bàbá wa kí nǹkan yìí tó kú. Èmi ni mo máa gba jagunjagun. Onígbàjámọ̀, gba oṣó mi. Abẹ́rẹ́, ipò rẹ náà nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí bàbá wa dúró sí ilé èrò."

"Kí ló fà á? Òun ló lágbára jù."

"Bó bá kú, ó kú nìyẹn. Ta ló máa béèrè ẹni tó ti jẹun?" Ó mú ìwé rẹ̀ jáde. "Mo ti tò ó. Ẹ̀yin, ẹ dá jagunjagun tuntun, ẹ rìn kẹ́yìn. Nǹkan tó wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ló ń gbà. Ká mú olè dání, pàkúté pọ̀ ní àjà kejìlá. Ẹ jẹ́ kí n ṣe olè, kí Onígbàjámọ̀ ṣe oníwòsàn..."

Onígbàjámọ̀ pariwo. "Èmi? Ọkùnrin bí èmi, kí n máa fọwọ́ pa yín lára?"

Abẹ́rẹ́ ní, "Ṣé orí tí o ń fá, ẹsẹ̀ lo fi ń fá a ni?"

Onítáìlì ní, "Ó tó. Ta ni àkọ́bí? Èmi ni mo sin bàbá wa, èmi kọ́ ni màá wá máa rìn kẹ́yìn obìnrin. Ìyá àgbà, ẹ dá sí i."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Abẹ́rẹ́ náà wò mí. Ìwé rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí lọ́wọ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Àgbà ló ń ṣíwájú."

Ó pa ìwé náà dé, ó gbé páàdì tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń darí ẹni inú géèmù.

Àwọn mẹ́ta ló wọlẹ̀: ẹlẹ́wù pupa níwájú, oṣó láàárín, aláṣọ funfun lẹ́yìn. Kò sí olè. Wọn kò tíì rìn jìnnà ní àjà kejìlá tí ilẹ̀ fi là lábẹ́ oṣó, ó sì bọ́ sínú igi ṣóńṣó. Onígbàjámọ̀ ju páàdì sórí àga. "Ó parí! Mo ti kú! Ẹ ò sọ fún mi pé ihò wà níbẹ̀!"

"Ta ni ìbá sọ ọ́? Ṣé a mú olè dání ni?" Abẹ́rẹ́ kò wo ojú rẹ̀.

Ní iwájú, ìlẹ̀kùn ńlá kan ló wà, ẹ̀ṣọ́ onírin méjì sì dúró tì í. Onítáìlì ti bọ́ sáàárín wọn, ó ń ṣá wọn, wọ́n ń ṣá a. Abẹ́rẹ́ ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí i lára. Ìgbà náà ni mo rí nǹkan dúdú kan ní igun ojú kọ̀ǹpútà, ó ń bọ̀ lẹ́yìn aláṣọ funfun, kò yára, kò dúró. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan. Abẹ́rẹ́ kò yíjú padà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń dá padà. Ó tún gbá a.

Ohun tó wá sí mi lórí lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe géèmù. Bàbá tèmi ni. Nígbà tí a bá ń ti oko bọ̀, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwa ọmọ ló máa ń kó síwájú. Òun á wà lẹ́yìn gbogbo wa, àdá lọ́wọ́. Mo bi í rí pé kí ló dé tí kò ṣíwájú wa. Ó ní, ẹran búburú kì í mú ẹni àkọ́kọ́, ẹni ìkẹyìn ló ń mú. Ọgọ́ta ọdún ó lé, mo gbàgbé pátápátá! Mo fi òfin balùwẹ̀ rọ́pò ohun tí bàbá mi fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe!

Mo kígbe. "Padà sẹ́yìn! Bàbá kì í rìn níwájú nínú òkùnkùn! Padà!"

Onítáìlì ní, "Ó ku díẹ̀, Ìyá àgbà, ó ku díẹ̀."

Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkúta ìpadà kan ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan péré ló lè gbé padà sí ilé èrò. Ẹ dúró sójú kan kí n fi kàn yín."

"Ó ku díẹ̀, mo ní!"

"Ẹ dúró! Ẹ̀jẹ̀ bàbá wa ti tán!"

Kò dúró. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ojú rẹ̀ ti pọ́n, kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Inú bí mi. Mo dìde, èmi tí orúnkún ń dùn, mo já páàdì náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbá a létí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbá géńdé ọkùnrin létí. Ẹlẹ́wù pupa dúró gbagidi láàárín àwọn onírin. Ohun tí Abẹ́rẹ́ ń wá náà nìyẹn. Ó sáré kọjá idà, ó fi òkúta kàn án lára. Ìmọ́lẹ̀ kan tàn, ẹlẹ́wù pupa lọ.

Ó wá ku aláṣọ funfun nìkan, onírin méjì níwájú, èyí dúdú lẹ́yìn. Kò pẹ́.

Onítáìlì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "O ò bá ti lò ó fún ara rẹ. Ọdún mọ́kànlá lo fi tọ́ ẹni yẹn dàgbà."

Abẹ́rẹ́ yí ojú kọ̀ǹpútà padà sí ẹnu ihò. Ó wọ ilé èrò lọ. Nínú ọgbà, orúkọ tuntun méjì ti wọ ara òkúta. Ó ka tirẹ̀ sókè. Ó wọ inú ilé, ẹlẹ́wù pupa wà níbẹ̀, ó dúró sí ibi tó máa ń dúró sí. Ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ta ló ti jẹun? Ta ni kò tíì jẹun?"

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́. Mo yíjú sí Onítáìlì. "Ìwọ yìí! Olórí kunkun! Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́! O fẹ́ pa ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì!"

Abẹ́rẹ́ ló dá mi lẹ́kun. Kò pariwo. "Ìyá àgbà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kó máa ṣíwájú."

Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ gba olè lọ́wọ́ mi. Èmi ló kàn láti yàn lọ́jọ́ náà. Mo ti ń dúró kí ẹ rántí."

Ṣé ẹ rí i, ó ti gún mi níbi tó ń dunni. Mo lọ jókòó sí ilé ìdáná, mo ń gbá ìkòkò mọ́ ara wọn, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè bínú sí. Àwọn tó ń sọ pé ìbínú àgbà kì í pẹ́, wọn kò tíì rí àgbà tó ń bínú sí ara rẹ̀.

Sunday tó tẹ̀ lé e, mo pe gbogbo wọn jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Abẹ́rẹ́, yàn."

Onítáìlì ní, "Ìyá àgbà, ṣé òun ló máa kọ́kọ́..."

"Ṣé etí kejì ń yún ọ ni?"

Abẹ́rẹ́ na ìka. "Olè."

Egungun ẹ̀yìn mi ṣì le díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ó dára. Jalè dáadáa." Ó wọ aṣọ dúdú fún un. Onígbàjámọ̀ sáré mú oṣó. Abẹ́rẹ́ wá tú ìwé rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ń sáré jù láti gbé apata. Èmi àti Onígbàjámọ̀ á wá ẹni tó máa ṣe jagunjagun bó bá yá. Oníwòsàn ni yín."

"Oníwòsàn?" Onítáìlì wò mí. Mo wo ògiri.

Onígbàjámọ̀ ní, "Bọ̀dá, ẹ wọ aṣọ funfun, ó máa yẹ yín."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún!" Ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà ṣì ń wúkọ́. Bóyá wọ́n á tún dé àjà kejìlá kó tó kú, bóyá wọn ò ní dé. Wọ́n kò tíì kọjá yàrá kejì ní àjà àkọ́kọ́ tí eku kan fi bu olè jẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀!"

"Bọ́tìnì wo?"

"Ẹ̀jẹ̀ mi ń lọ! Ṣé ẹ sùn ni?"

"Mo ń wá a! Gbogbo yín ẹ kàn ń sáré, ẹ ò wẹ̀yìn, báwo ni mo ṣe máa..." Ó yíjú wo àbúrò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò wò ó, iwájú ló ń wò, ó ń wá pàkúté.

Èmi ṣì ń bínú o. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà sókè láti sinmi, tí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ẹlẹ́wù pupa kọjá, tí Abẹ́rẹ́ sì ka ohun tó ń béèrè, èmi ni mo dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo ní, "Gbogbo wọn ti jẹun. Jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀."